Àwọn Adìyẹ Ìyàwó Mi

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà oṣù kejì

Àwọn òròmọdìyẹ dé lónìí, ẹni tó rà wọ́n kò sí nílé. Páálí oníhò ni wọ́n kó wọn sí, ariwo inú rẹ̀ dà bí ti kíláàsì tí tíṣà ò sí níbẹ̀. Awakọ̀ tó gbé wọn wá ń wo ẹ̀yìn mi.

"Ìyàwó yín dà? Àwọn la jọ sọ̀rọ̀."

Mo ní ó wà ní ọsibítù. Ó ní Ọlọ́run á fún un lálàáfíà, ó gbé páálí sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Télọ̀ ni mí. Mi ò sin ohunkóhun rí láyé mi, àfi tí a bá ní ká ka eku ṣọ́ọ̀bù mi mọ́ ọn.

Ọjọ́ Ajé ni ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá lára ìyàwó mi. Dókítà ní kò gbọdọ̀ kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù mọ́ títí tó fi máa bímọ, bẹ́ẹ̀ oyún náà kò tíì pé oṣù mẹ́fà. Ẹ̀kẹta rèé. Méjì tó ṣáájú kò dúró. Nírọ̀lẹ́ àná, mo sọ fún un pé màá ní kí wọ́n dá àwọn òròmọdìyẹ padà síbi tí wọ́n ti wá. Ó di ọwọ́ mi mú.

"Má dá wọn padà o. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kan ilé wọn. Jẹ́ kí n rí nǹkan kan tí mo tọ́ tó dàgbà."

Kí lèèyàn fẹ́ wí sí ìyẹn? Mo gbé páálí wọlé.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

Orí fóònù ni ìyàwó mi ti ń kọ́ mi níṣẹ́. Èédú nínú ìkòkò, ìkòkò láàárín yàrá kékeré ẹ̀yìnkùlé, ìyẹ̀fun pákó nílẹ̀, ọ̀rá lójú fèrèsé.

"Má wo ìkòkò. Àwọn gan-an ni kó o máa wò. Bí wọ́n bá rọ̀gbà yí iná ká, òtútù ń mú wọn. Bí wọ́n bá sá mọ́ ògiri, ooru ti pọ̀ jù. Bí wọ́n bá fọ́n káàkiri tí wọ́n ń ṣa oúnjẹ jẹ, o lè lọ jókòó."

Mi ò tíì rí ìjókòó.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Atẹ́gùn já ọ̀rá fèrèsé kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìgbà tí mo débẹ̀, èédú ti di eérú, àwọn òròmọdìyẹ ti gun orí ara wọn ní kọ̀rọ̀ bí òkìtì òwú. Àwọn tó wà lókè ń ké. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ kò ké mọ́. Mo ṣà wọ́n sínú garawa, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Mo gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́bàá ògiri, mo bò wọ́n mọ́lẹ̀, mo wẹ̀, mo wọ aṣọ tó mọ́, mo forí lé ọsibítù.

"Àwọn ọmọ mi ńkọ́?" Ohun tó kọ́kọ́ bi mí nìyẹn, kó tó kí mi.

"Wọ́n ń jẹun bíi pé ẹnì kan ń lé wọn bọ̀."

Irọ́ kọ́. Àmọ́ kì í ṣe òótọ́ náà. Nọ́ọ̀sì ti ní ká má sọ ohun tó lè bà á nínú jẹ́ fún un.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Ìyá ìyàwó mi dé, pẹ̀lú àpò méjì àti ẹnu kan tó ju àpò méjèèjì lọ.

"Ọkọ ọmọ mi, o ti rù." Kí n tó lanu: "Kò burú. Ọkùnrin tó bá ń sanra nígbà tí ìyàwó rẹ̀ wà ní ọsibítù, èèyàn ó fura sí i."

Wọ́n lọ wo ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n fọwọ́ mi ilẹ̀kùn ilé adìyẹ, wọ́n fọwọ́ ti òpó rẹ̀, kò mì.

"Ta ló kan èyí?"

"Ọmọ yín ni, Màmá."

"Mo mọ̀ pé kì í ṣe ìwọ."

Òṣìṣẹ́ báńkì kan ni wọ́n ti ní lọ́kàn fún ọmọ wọn. Títí di òní, bí wọ́n bá rí mi pẹ̀lú téèpù lọ́rùn, wọ́n á mí kanlẹ̀. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má ṣe mẹ́nu ba àwọn tó kú tí wọ́n bá dé ọsibítù. Wọ́n ní ṣé mo rí àwọn bí ẹni tí kò lè pa ẹnu mọ́ ni. Mo wolẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlógún

Ìyẹ́ ti ń hù lára wọn, mo ti kó wọn lọ sínú ilé tí ìyàwó mi kàn. Wọ́n rẹwà bí ọmọkùnrin tó ń hu irùngbọ̀n àkọ́kọ́, ìyẹn ni pé wọn ò rẹwà rárá. Oúnjẹ wọn tún ti gbówó lórí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹni tó ń ta oúnjẹ adìyẹ ní ọkọ̀ ló wọ́n. Lónìí ó ní àgbàdo ni. Mo bi í pé kí ló máa jẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ó ní kí n má ṣe bínú sí òun, òun náà ń sin ọmọ nílé.

Oníbàárà kan dá ṣòkòtò rẹ̀ padà fún mi. Ó fi í sí mi nímú: òórùn adìyẹ.

Nírọ̀lẹ́, Sájẹ́ǹtì yọrí lórí ògiri. Ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì ni, ògiri kan náà la jọ pín, fèrèsé yàrá rẹ̀ sì kọjú sí ilé adìyẹ gan-an.

"Télọ̀! Ṣé adìyẹ lò ń sìn ni àbí òkú?"

"Ẹ má bínú, sà. A máa gbá a."

"Gbígbá kọ́ ni mo ní kí ẹ gbá a. Mo ní kó má rùn."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́ wọn láàárọ̀ yìí. Púpọ̀ nínú wọn dúró lójú kan, wọ́n sọ ìyẹ́ kalẹ̀ bí arúgbó tó da aṣọ bora, wọ́n di ojú. Mo jókòó sórí kọ́ńkéré. Ẹ̀jẹ̀ tí mò ń bẹ̀rù ní ọsibítù ló tún wá ká mi mọ́lé.

Dókítà ẹran dé lórí ọ̀kadà rẹ̀, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Ó la ọ̀kan tó ti kú lórí pákó ìgéṣọ mi àtijọ́, ó fa ìfun rẹ̀ jáde, ó wú, ó pọ́n.

"Ilẹ̀ yín tutù jù ló fà á. Ẹ kó gbogbo ìyẹ̀fun pákó yìí dànù lónìí, kì í ṣe lọ́la. Oògùn yìí nínú omi wọn, ẹ má fún wọn ní omi mìíràn mu."

Màmá di aṣọ mọ́ imú, wọ́n gbé ṣọ́bìrì kan, mo gbé ìkejì. A kó ilẹ̀ títí oòrùn fi wọ̀. Wọn ò bá mi sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ìyẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ẹ̀rù ń ba àwọn náà.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Wọ́n ṣì ń kú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kìíní oṣù kẹta

Àdúrà ló tú àṣírí wa. Màmá dúró níbi orí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n gbé ọwọ́ sókè, wọ́n ní: "Ọlọ́run, gbogbo adìyẹ tó kú yẹn, fi wọ́n ṣe ìràpadà fún ọmọ mi!"

Ìyàwó mi la ojú kan.

"Adìyẹ wo ló kú?"

Màmá ní àmín. Wọ́n ní àwọn ń lọ ra omi.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kálòlò. Ó dá mi dúró. "Èmi ni mo rà wọ́n. Ṣé o rò pé mi ò mọ̀ pé gbogbo wọn kì í pé dàgbà?"

"Mo rò pé wàá fi ṣe àmì ni."

"Àmì kí ni? Adìyẹ ni wọ́n. Má fi wọ́n wé ọmọ mi." Ó fọwọ́ lé ikùn. "Mélòó ló kù?"

Mo sọ fún un. Ó fi ìka ṣírò.

"Wọ́n ṣì pọ̀. Lọ fún wọn lómi."

Mo dìde. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn láti ẹnu ọ̀nà, ó ti kọjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ṣé kí n padà ni àbí kí n máa lọ? Mo padà. Mo jókòó ti ẹ̀yìn rẹ̀, kò yíjú sí mi, kò sì lé mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Kò sí èyí tó kú láti ọjọ́ mélòó kan. Àyà wọn ti ń kún. Bí mo bá gbé abọ́ oúnjẹ wọlé, wọ́n á rọ́ lù mí bí èrò tó fẹ́ wọ ọkọ̀ ìkẹyìn. Alásè iléeṣẹ́ wá wò wọ́n. Obìnrin yìí ló ń se oúnjẹ fún gbogbo òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ bàtà, òun náà ló sì ti bá ìyàwó mi ṣe àdéhùn láti ìbẹ̀rẹ̀ pé òun máa kó gbogbo wọn ní pípa. Ó gbé ọ̀kan, ó fọwọ́ wọn ìwúwo rẹ̀, ó ní, "Télọ̀, o gbìyànjú." Inú mi dùn ju ìgbà tí ẹnikẹ́ni yin aṣọ mi lọ. Mo lọ ròyìn ní ọsibítù, ìyàwó mi jẹ oúnjẹ rẹ̀ tán.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Ọ̀kan kán lẹ́sẹ̀. Màmá ní kí n fi kọ́ pípa, pé ọjọ́ ń bọ̀ tí n ò ní rí ibi sá sí. Wọ́n fi hàn mí: ìyẹ́ apá méjèèjì lábẹ́ ẹsẹ̀ mi kan, ẹsẹ̀ adìyẹ lábẹ́ ìkejì, na ọrùn, tu ìyẹ́ ibẹ̀ díẹ̀ kí ọ̀bẹ rí ọ̀nà.

"Gé e lẹ́ẹ̀kan. Má ṣe bí ẹni ń fi ayùn rẹ́ igi."

Ọwọ́ tó ń gé aṣọ àwọn èèyàn ńláńlá láìṣìnà gbọ̀n. Mo gé e dé ìdajì, mo rí ojú rẹ̀, mo gbé ẹsẹ̀ kúrò. Adìyẹ dìde. Ó sáré yí àgbàlá ká pẹ̀lú ọ̀fun tó là, lábẹ́ okùn tí mo sá aṣọ funfun oníbàárà sí. Màmá gbá a mú, wọ́n parí rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan. Wọ́n fọ ọ̀bẹ kí wọ́n tó wò mí.

"Ọkọ ọmọ mi, àánú tó ń mú ọwọ́ gbọ̀n, ìkà ni."

Mi ò jẹ nínú ẹran náà. Mo tún aṣọ oníbàárà fọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Ooru. Irú èyí tó ń mú ajá yọ ahọ́n lábẹ́ tábìlì. Àwọn adìyẹ ti wúwo, wọ́n la ẹnu sílẹ̀, wọ́n ń mí lókèlókè. Mo da àpò tútù bo òrùlé wọn, mo ń bu omi sí i ní gbogbo ìgbà. Méjì kú lọ́sàn-án, àwọn tó sanra jù. Sísanra lóore, àmọ́ ó ní ibi tó ń mọ.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ìyàwó mi ti ga. Wọ́n ń fún un ní abẹ́rẹ́.

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́

Alásè pè mí. Àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ bàtà ti daṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n ti ti ilé oúnjẹ pa. Òun ò lè gba adìyẹ kankan títí wọ́n á fi wọlé.

"Ìgbà wo nìyẹn, ọ̀gá?"

"Ṣé èmi ni mo ni iléeṣẹ́? Fi sùúrù sí i."

Sùúrù mi pọ̀. Oúnjẹ wọn ni kò pọ̀. Màmá ní ká pa wọ́n ká kó wọn sí fírísà. Iná tí a rí lọ́sẹ̀ yìí, kò tó mú omi tutù.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Wolé-wolé wá lónìí, pẹ̀lú bàtà dúdú àti ojú tó le. Ẹnì kan ló fẹjọ́ wa sùn, mi ò sì nílò láti bi í pé ta ni. Orí Sájẹ́ǹtì wà lókè ògiri, ó ń wo òfuurufú bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan. Wolé-wolé fi ọ̀pá da ilẹ̀ wò, ó ka eṣinṣin.

"Títí di òpin ọ̀sẹ̀ yìí, mi ò fẹ́ rí adìyẹ kankan níbí mọ́."

Mo ní ìyàwó mi wà ní ọsibítù. Ó ní òun bá mi kẹ́dùn. Ó tún sọ òpin ọ̀sẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Mo kan ilẹ̀kùn Sájẹ́ǹtì. Inú ń bí mi débi pé mo gbàgbé láti kí i.

"Ẹ̀ bá ti bá mi sọ ọ́!"

"Mo bá ọ sọ ọ́. Lórí ògiri, lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìgbà tí ìyàwó mi wà láyé, kò sí ohun tó ń rùn nínú ilé mi." Ó rọra ti ilẹ̀kùn. Mi ò tíì mọ̀ rí pé òun náà ní ìyàwó.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Àwọn òṣìṣẹ́ ń wọlé padà ní Mọ́ńdè! Alásè ní òun á wá kó wọn ní ìrọ̀lẹ́ ọ̀la, kí n pa wọ́n, kí n tu wọ́n, kí n kó wọn sórí yìnyín. Mo ti pọ́n ọ̀bẹ mẹ́ta. Mo yá agbada ńlá méjì. Mo ra yìnyín, yóò dé ní ọ̀sán. A ò ní fún wọn lóúnjẹ lálẹ́ yìí kí inú wọn lè ṣófo.

Ìyàwó mi ní orí ń fọ́ òun. Ojú rẹ̀ wú. Ó ní kí n má ro òun, kí n ro ọ̀la.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n

Mi ò lè kọ nǹkan kan láti ọjọ́ Ẹtì. Màá kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, èmi àti Màmá dá iná sábẹ́ agbada. Mo gbé ti àkọ́kọ́. Mo tẹ ìyẹ́ apá mọ́lẹ̀, mo na ọrùn, mi ò wo ojú rẹ̀, mo gé e lẹ́ẹ̀kan. Ó parí. Màmá kò yìn mí, wọ́n kàn na ọwọ́ kí n gbé e wá. Èmi ń pa, àwọn ń rì í sínú omi gbígbóná, wọ́n ń tu ìyẹ́, a jọ ń la inú. Wọ́n ń kìlọ̀ ṣáá: "Ṣọ́ òróòro o, bó bá bẹ́, ẹran náà ti korò." Oòrùn yọ. Ìyẹ́ tútù lẹ̀ mọ́ ọwọ́ mi, mọ́ ojú mi, mọ́ inú etí mi. A ti pa tó ìdajì nígbà tí fóònù mi dún nínú àpò. Ọwọ́ ẹlẹ́jẹ̀ ni mo fi gbé e.

Nọ́ọ̀sì ni. Ó ní gìrì ti mú ìyàwó mi, wọ́n ń gbé e lọ fún iṣẹ́ abẹ, kí n máa bọ̀ kíákíá, wọ́n sì nílò ẹ̀jẹ̀.

Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká lọ."

Wọ́n dìde. Ìyẹ́ wà lórí gèlè wọn. Wọ́n wo ẹ̀yìnkùlé, agbada tó ń hó, àwọn tó ṣì wà láàyè, àwọn tí a ti tu tí eṣinṣin ti ń wá.

"Máa lọ," ni wọ́n wí.

"Ọmọ yín ni, Màmá!"

"Ṣé ìwọ lo máa sọ fún mi? Bí mo bá débẹ̀, ilẹ̀ ni màá máa yí mọ́. Ẹ̀jẹ̀ àgbà bíi tèmi, wọn ò ní gbà á. Jẹ́ kí n rí nǹkan fi ọwọ́ mi ṣe, kí n má baà ká a lérí. Lọ!"

Mo sáré. Bí mo ṣe ń jáde, mo gbọ́ tí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn dún, mo wẹ̀yìn, Sájẹ́ǹtì ló ń wọlé, ó ti ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó mú ọ̀bẹ tirẹ̀ dání.

"Màmá, mi ò wá torí yín o," ó ní. "Òórùn yìí ni mo fẹ́ kó tán."

Ọlọ́kadà kọ́kọ́ kọ̀ láti gbé mi. Ní ọsibítù, olùṣọ́ ẹnu ọ̀nà pariwo pé kí wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì wá, pé ọkùnrin kan ti fara gbọgbẹ́. Nọ́ọ̀sì mẹ́ta rọ́ bò mí, wọ́n ń wá ojú ọgbẹ́. "Adìyẹ ni!" ni mò ń ké. "Ẹ̀jẹ̀ adìyẹ ni! Ìyàwó mi dà?" Wọ́n fọ ọwọ́ mi títí dé ìgúnpá, wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́, ẹ̀jẹ̀ mi bá tirẹ̀ mu. Mo dùbúlẹ̀, mò ń wò ó bó ṣe ń ṣàn lọ sínú ọ̀rá. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù kejì, mi ò bẹ̀rù ẹ̀jẹ̀.

Ọkùnrin ni. Ó kéré débi pé mo rò pé kò tíì tán, pé wọ́n ṣì ń gbé ìyókù bọ̀. Kò ké. Ó la ẹnu bí ẹni tó fẹ́ ké, ojú rẹ̀ rún, ohùn kò jáde. Wọ́n gbé e sáré kọjá lójú mi, wọ́n ki rọ́bà sí i nímú. Ìyàwó mi kò jí títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. Nígbà tó jí, ó ní, "Ṣé ó wà?" Mo ní ó wà. Ó sùn padà.

Alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta náà, ìgbà tí mo sáré délé, ẹ̀yìnkùlé ti mọ́ bí àwo. Màmá jókòó sórí àpótí, ọwọ́ wọn bó. Alásè ti kó gbogbo wọn, àfi díẹ̀ tí omi gbígbóná ti bó ní awọ. Sájẹ́ǹtì ló ń fi omi fọ ògiri. Mo sọ fún wọn pé àwọn méjèèjì wà láàyè. Màmá bo ojú pẹ̀lú ọwọ́ náà. Sájẹ́ǹtì ti ẹ̀rọ omi pa, ó dúró díẹ̀, ó tún ṣí i.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹrin

Inú àpótí oníjígí lọmọ náà wà, iná ń ràn lé e lórí. Màmá fi iwájú orí lé jígí. "Wò ó, bí a ṣe ń dáná fún àwọn òròmọdìyẹ..."

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀!" Gbogbo yàrá ló yíjú. Èèyàn kì í pariwo mọ́ ìyá ìyàwó rẹ̀ báyẹn. Mo dọ̀bálẹ̀ nínú ọ̀nà ọsibítù láti tọrọ àforíjì. Wọ́n ní kí n dìde, pé ilẹ̀ ibẹ̀ kò mọ́.

"Mo mọ àwọn tó kú, ọkọ ọmọ mi," wọ́n wí lẹ́yìn náà. "Àwọn tó yè ni èmi ń rò."

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹsàn-án

Wọ́n dá ìyàwó mi sílẹ̀. Ọmọ ṣì wà lọ́hùn-ún. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, èmi ni màá máa gbé omi ọyàn lọ nínú ìgò kékeré, màá dì í mú bí ẹyin.

Nígbà tí ìyàwó mi délé, kò wọ yàrá. Ẹ̀yìnkùlé ló gbà lọ, ó di ògiri mú, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé adìyẹ tó ṣófo.

"Wọ́n dàgbà?"

"Wọ́n dàgbà débi pé Alásè ní ìkòkò òun kò gbà wọ́n."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó di ikùn mú. "Má pa mí lẹ́rìn-ín, ojú abẹ ń dùn mí." Kò lè dá ẹ̀rín náà dúró. Kò pẹ́ tó fi di ẹkún.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Ọmọ dáwọ́ mímí dúró láàárọ̀. Nọ́ọ̀sì ta á ní àtẹ́lẹsẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀. Mi ò lè kọ jù báyìí lọ.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Wọ́n ti yọ rọ́bà nímú rẹ̀. Ó ń fa ọyàn, ó ń sanra. Ohùn rẹ̀ nìkan ni kò tíì yọrí. Bó bá ń ké, ó dà bí ilẹ̀kùn tó nílò epo. Dókítà ní ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ló ń gbó díẹ̀díẹ̀, ká má dààmú. Ẹni tó bá ní kí òbí má dààmú, ṣé ó ti bímọ rí?

Wọ́n ní ká mú aṣọ wá. Gbogbo èyí tí a rà ló tóbi jù. Mo jókòó ti máṣíìnì, mo gé ẹ̀wù kan tó kéré tó àtẹ́lẹwọ́ mi. Mo tú u, mo tún un rán. Apá ló ń dà mí láàmú. Mi ò tíì wọn irú apá yẹn rí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹta oṣù karùn-ún

A lọ gbé e lónìí. Ìyàwó mi gbé e, Màmá gbé báàgì, èmi gbé agbòòrùn. Bí a ṣe dé gééètì ni òjò ńlá dé, èyí tí gbogbo ìlú ti ń retí. Atẹ́gùn yí agbòòrùn padà lọ́wọ́ mi. A sáré wọ abẹ́ àgọ́ olùṣọ́, àwa àti àwọn èrò tó kù, a fún pọ̀ síbẹ̀. Màmá ní kí ọmọ wọn bo ọmọ lójú. Ìyàwó mi ní bí òun bá bò ó lójú, báwo ló ṣe máa mí? Wọ́n ń jà lórí aṣọ kan.

Òjò kán sí i níwájú orí, ẹyọ kan péré. Ojú rẹ̀ rún. Ó la ẹnu.

Ó ké. Kì í ṣe ohùn ilẹ̀kùn. Igbe gidi, tó bo ariwo òjò mọ́lẹ̀, tó mú olùṣọ́ yíjú tó sì mú ọlọ́jà kan gbé ẹrù rẹ̀ sílẹ̀. Obìnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa na ọwọ́, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ jẹ́ kí n bá yín rẹ̀ ẹ́."

Màmá gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù.

A dúró síbẹ̀, àwa mẹ́ta, ojú wa tutù ju aṣọ wa lọ. Kò sẹ́ni tó rẹ̀ ẹ́.